Ibi tí plọ́ọ̀gì wà nínú oríṣiríṣi ẹ́ńjìnnì mọ́tò, àti bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n rẹ́ yín jẹ

Bí mọ́tò yín bá ń gbọ̀n nígbà tó dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí kò fà dáadáa mọ́ tó bá ń gun òkè, tí epo tó máa ń gbé e lọ gbé e bọ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì máa sọ ni pé, "Ọ̀gá, plọ́ọ̀gì ni." Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ló sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni èyí tó kàn: plọ́ọ̀gì mélòó ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, ibo ni wọ́n wà, ta ló sì rí i pé gbogbo wọn ni wọ́n pààrọ̀?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Sienna ni mo ń wà nígbà náà, ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́fà. Mo ra plọ́ọ̀gì mẹ́fà, mo gbé e fún mẹkáníìkì, mo ní kí n lọ jẹun. Kí n tó padà dé, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ó ní òun ti parí iṣẹ́. Mo sanwó, mo tún dúpẹ́. Mọ́tò kò yéé gbọ̀n. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíì tú ẹ́ńjìnnì náà lójú mi, plọ́ọ̀gì tuntun mẹ́ta la bá níwájú. Mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ti gbó kọjá àfẹnusọ, ìpẹ̀kun irin wọn ti jẹ tán. Mẹ́ta tó kù nínú owó mi, mi ò mọ mọ́tò ẹni tó wà dòní. Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn pé kò sí bí èèyàn ṣe máa pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́fà Sienna ní ogún ìṣẹ́jú, mi ò bá ti bi í léèrè.

Torí náà, bí ẹ ò bá tiẹ̀ ní fọwọ́ yín kan sípánà láyé, ẹ mọ ibi tí plọ́ọ̀gì mọ́tò yín wà.

Iṣẹ́ wo ni plọ́ọ̀gì ń ṣe?

Inú sìlíńdà ni epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé. Písítìn á tẹ̀ wọ́n pọ̀, kọ́ìlì á rán iná tó lágbára gan-an wá, iná yẹn á sì fò la àlàfo kékeré tó wà lẹ́nu plọ́ọ̀gì kọjá. Ìṣáná yẹn ló ń dáná sí epo, òun ló ń ti písítìn sísàlẹ̀ tí mọ́tò fi ń rìn. Bí àlàfo yẹn bá ti fẹ̀ jù nítorí pé irin ẹnu rẹ̀ ti jẹ, tàbí tí èéfín dúdú bo ẹnu rẹ̀, iná kò ní fò dáadáa. Epo tí kò jóná á gba sálẹ́ńsà jáde. Owó yín nìyẹn tó ń lọ.

Mọ́tò tó ń lo dísù kò ní irú plọ́ọ̀gì yìí rárá. Èyí tó wà nínú tiẹ̀ kàn máa ń gbóná láti ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kó lè tètè jí ni, kì í ṣáná. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pààrọ̀ plọ́ọ̀gì oníṣàáná fún mọ́tò dísù yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin

Èyí ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà wa, òun ló sì rọrùn jù. Sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò sórí ìlà kan, plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà lórí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, nínú ihò jíjìn mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, iwájú yín gan-an ló wà.

Àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ ń lo wáyà. Ẹ wo àwọn Micra tó ń ṣe takisí n'Íbàdàn: ẹ máa rí wáyà mẹ́rin tó nípọn, tí wọ́n jáde láti ara dìsìtíríbútọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wọ inú ihò kan. Camry tí wọ́n ń pè ní Pencil náà, ìyẹn oní-sìlíńdà mẹ́rin ti nǹkan bíi 1998 sí 2001, ń lo wáyà. Níbi tí wáyà bá wọlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni plọ́ọ̀gì wà, kò sí àdìtú kankan níbẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni pé kí ẹ má ṣe tú wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Iná kì í lọ ní 1, 2, 3, 4. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin, 1, 3, 4, 2 ló ń lọ. Bí wáyà méjì bá ṣèèṣì gba ipò ara wọn, mọ́tò lè kọ̀ láti jí, tàbí kó máa yìnbọn gba sálẹ́ńsà. Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ dá wáyà rẹ̀ padà, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí èkejì.

Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn ìyẹn, wáyà ti kúrò ńbẹ̀. Corolla láti 2003, Camry Big Daddy oní-sìlíńdà mẹ́rin ti 2002 sí 2006, Muscle tó tẹ̀ lé e, àti Honda Accord tá à ń pè ní End of Discussion, gbogbo wọn ló ní kọ́ìlì mẹ́rin, ọ̀kan lórí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ìdérí pílásíkì ló sábà máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ máa rí orí kọ́ìlì dúdú mẹ́rin, nọ́ọ̀tì 10 kan ló sì de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́fà: ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ

Sienna, Highlander oní-V6, Lexus RX 300, RX 330 àti RX 350, Camry oní-V6: ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Sìlíńdà mẹ́fà náà pín sọ́nà méjì bíi lẹ́tà V, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì náà dábùú inú mọ́tò. Mẹ́ta kọjú síwájú níbi rédíétọ̀, ẹ lè rí wọn lórí ìdúró. Mẹ́ta yòókù wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri irin tó pín ẹ́ńjìnnì níyà sí ibi tí awakọ̀ ń jókòó, mánífóòdù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì sì bò wọ́n lórí.

Kí ọwọ́ tó lè tó wọn, ó sábà máa ń gba pé kí wọ́n tú apá òkè mánífóòdù yẹn. Nínú Sienna, wọ́n tún máa tú wáípà àti pílásíkì tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Àwọn kan wà tó mọṣẹ́ gan-an, tí wọ́n ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń tẹ̀ lọ́rùn, tó jẹ́ pé wọ́n lè rá ọwọ́ wọlé dé ẹ̀yìn nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan láìtú u. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó rí, iṣẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta ni, nígbà mìíì ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti Corolla. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe yọwó rẹ̀ débi tí mẹkáníìkì á fi máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo gbà pé ara ohun tó fà á tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń fi mẹ́ta ẹ̀yìn sílẹ̀ nìyẹn: ẹni tó gba owó iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú, iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ló máa ṣe.

Tí wọ́n bá tú mánífóòdù, ohun méjì ni kẹ́ ẹ bá wọn mójú tó. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu ihò tó ṣí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí nọ́ọ̀tì kékeré kan tó bá já síbẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá. Èkejì, kí wọ́n fi gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dá a padà, kó má lọ máa fa afẹ́fẹ́ níbi tí kò yẹ.

Honda Accord oní-V6 yàtọ̀ sí èyí. Òun náà ní mẹ́ta níwájú àti mẹ́ta lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìta ni kọ́ìlì tẹ̀yìn wà, kò sí lábẹ́ mánífóòdù. Ọwọ́ á há díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sídìí láti tú mánífóòdù. Ẹni tó bá fi mẹ́ta ẹ̀yìn ti Honda sílẹ̀, ọ̀lẹ ni.

Ọgbọ́n kan wà tó lè tú àṣírí. Àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ni wọ́n ṣeé fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní síkáànù. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ P0300, ó túmọ̀ sí pé sìlíńdà tó ń mísì kò dúró sójú kan. Bí ó bá kọ P0301, sìlíńdà kìíní ni; P0302, ìkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Nínú àwọn V6 Toyota àti Lexus tí mo dárúkọ yìí, sìlíńdà 1, 3 àti 5 ló wà lẹ́yìn, 2, 4 àti 6 sì wà níwájú. Ti Honda V6, 1, 2 àti 3 ló wà lẹ́yìn. Nítorí náà, bí Sienna yín bá ń kọ P0303 lẹ́yìn tí wọ́n ti ní àwọn pààrọ̀ gbogbo plọ́ọ̀gì, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Àwọn tó ṣàjèjì

Mercedes C240, E320 àti ML320 oní-V6 ti nǹkan bíi 1998 sí 2005 ní plọ́ọ̀gì méjì nínú sìlíńdà kan. Méjìlá lẹ máa rà, kì í ṣe mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín kẹ́ ẹ tó ra tòkúnbọ̀ rẹ̀. Ti Subaru, sìlíńdà rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni, torí náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì ni plọ́ọ̀gì wà, ó sún mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ mọ́tò débi pé wọ́n lè ní láti kọ́kọ́ tú bátìrì àti àpótí afẹ́fẹ́ kúrò. Volkswagen tá à ń pè ní ìjàpá náà rí bẹ́ẹ̀, àfi pé ẹ̀yìn mọ́tò ni ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ wà, ọ̀kan nínú àwọn plọ́ọ̀gì rẹ̀ sì wà níbi tó jẹ́ pé ọwọ́ lẹ máa fi wá a, ojú kì í rí i dáadáa.

Èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Nọ́ńbà ara plọ́ọ̀gì ló ṣe pàtàkì ju orúkọ ara páálí lọ. Ẹ jẹ́ ká mú BKR5E-11 ti NGK wò. BK ń sọ pé tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 14, àti pé sọ́kẹ́ẹ̀tì mìlímítà 16 ló ń tú u. R ń sọ pé wọ́n fi ohun tó ń dín ariwo iná kù sínú rẹ̀. 5 ni ìwọ̀n ooru rẹ̀. Fún NGK àti Denso, bí nọ́ńbà yìí bá ṣe tóbi sí ni plọ́ọ̀gì ṣe ń tètè tú ooru dànù sí. E ń sọ pé tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gùn ní mìlímítà 19. 11 tó gbẹ̀yìn túmọ̀ sí pé àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.1.

Lẹ́tà R yẹn kan àwa oníṣẹ́ rédíò gan-an. Plọ́ọ̀gì tí kò ní i lè máa mú kí rédíò mọ́tò yín máa ta pàrà-pàrà bẹ́ ẹ bá ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo. Ẹ lè rò pé iléeṣẹ́ wa ni kò já geere. Ó tún lè da kọ̀ǹpútà mọ́tò láàmú.

Gígùn tírẹ́ẹ̀dì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Corolla láti 2009 ń lo èyí tó gùn ní mìlímítà 26.5, orí rẹ̀ sì kéré débi pé sọ́kẹ́ẹ̀tì 14 ló ń tú u. Tẹ́ ẹ bá fi èyí tó kúrú síbẹ̀, iná á máa ṣẹ́ níbi tí kò yẹ. Tẹ́ ẹ bá sì fi èyí tó gùn sínú ẹ́ńjìnnì tí tiẹ̀ kúrú, písítìn lè lọ kọlù ú. "Á wọ̀ ọ́" tí ọlọ́jà ń sọ kò tó. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tàtijọ́ dání lọ sí Ládípọ̀ tàbí Gate, kí ẹ fi wé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ìwé mọ́tò yín rí i dájú pé tàtijọ́ yẹn gan-an ló tọ̀nà, torí ẹni tó fi í síbẹ̀ lè ti ṣì í.

Plọ́ọ̀gì lásán sábà máa ń lò tó bíi kìlómítà 30,000 kó tó gbó. Oníridíọ̀mù àti oníplátínọ́ọ̀mù wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè lo kìlómítà 100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Fún V6 tí títú ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba wákàtí mẹ́ta, mi ò rí èrè kankan nínú ríra olówó pọ́ọ́kú. Ayédèrú pọ̀ o. Irin àárín plọ́ọ̀gì irídíọ̀mù máa ń tín-ín-rín gan-an. Bí páálí bá kọ irídíọ̀mù sára tí irin àárín rẹ̀ sì nípọn bíi ti plọ́ọ̀gì lásán, irọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Aluminiọ́mù ni tọ́ọ̀pù sìlíńdà ọ̀pọ̀ mọ́tò, tírẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ sì máa ń tètè bàjẹ́ tí wọ́n bá tú plọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná. Ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ tẹ ahọ́n kékeré tó wà lára ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà kọ́ìlì kẹ́ ẹ tó fà á, torí pílásíkì yẹn ti gbẹ nínú ooru, ó sì máa ń ṣẹ́. Ẹ tú nọ́ọ̀tì 10, ẹ yí kọ́ìlì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kẹ́ ẹ wá fà á sókè tààrà.

Kẹ́ ẹ tó tú plọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò náà. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibí yìí. Yanrìn àti ìdọ̀tí tó ti kó jọ síbẹ̀ á já sínú sìlíńdà bí plọ́ọ̀gì bá ti jáde. Ẹ̀rọ atẹ́gùn fọkanáísà tó ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa lò. Bí ẹ bá bá omi nínú ihò, ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n fi omi fọ ẹ́ńjìnnì yín. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì lẹ bá níbẹ̀, rọ́bà tó wà ní ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì ti ń jò. Plọ́ọ̀gì tuntun kò ní tán ìyẹn, ọ́ìlì náà á sì ba rọ́bà kọ́ìlì jẹ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì plọ́ọ̀gì ní rọ́bà tàbí òòfà nínú, òun ló ń gbé e jáde. Tó bá le, ẹ má fipá tú u: ẹ fọ́n WD-40 díẹ̀ sí i, ẹ fún un láyè, ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ tuntun, ọwọ́ lẹ máa kọ́kọ́ fi yí i, ẹ má tíì fi ọ̀pá kankan sí i. Tó bá ń le láti ìbẹ̀rẹ̀, kò wọ ojú ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti jókòó tán, tí ọwọ́ kò lè yí i mọ́, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yí i ní ìdajì ìyípo kan sí i, kò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Plọ́ọ̀gì tuntun tó ní wáṣà lára ni mò ń sọ. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò rí lẹ dá padà, kí ó kàn fún díẹ̀ ti tó, torí wáṣà rẹ̀ ti pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀. Fífún un bíi nọ́ọ̀tì táyà ló ń já tírẹ́ẹ̀dì tọ́ọ̀pù sìlíńdà, owó ìyẹn kì í sì í ṣe owó plọ́ọ̀gì mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sáńdípépà ha irídíọ̀mù, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lù ú láti dín àlàfo rẹ̀ kù. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó máa ń kán.

Bí mọ́tò bá ṣì ń mísì lẹ́yìn gbogbo èyí, ó lè jẹ́ kọ́ìlì. Ẹ má tíì sáré ra mẹ́rin. Bó bá jẹ́ P0302 ni síkáànù ń kọ, ẹ gbé kọ́ìlì sìlíńdà kejì lọ sí ìkẹta, kẹ́ ẹ gbé ti ìkẹta wá sí ìkejì, kẹ́ ẹ tún síkáànù ṣe. Bó bá ti di P0303, kọ́ìlì yẹn ló ti kú, ọ̀kan péré lẹ máa rà. Bí iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bá sì ń ṣẹ́jú dípò kó dúró, ẹ má ṣe máa wà á kiri: epo tí kò jóná ń lọ dáná sí kátálíìsì lábẹ́ mọ́tò.

Ẹ gba àwọn tàtijọ́

Ẹ ní kí mẹkáníìkì tò wọ́n sílẹ̀ bó ṣe ń yọ wọ́n, láti sìlíńdà kìíní dé ìkẹyìn. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ búráùn tó ṣú díẹ̀ tàbí eérú, ara rẹ̀ le. Dúdú gbígbẹ bí èéfín ìkòkò, epo ń pọ̀ jù nínú sìlíńdà yẹn. Dúdú tó ń yọ̀, tó ní ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn. Funfun báláú, ooru pọ̀ jù, ẹ yẹ omi rédíétọ̀ àti ọ̀nà epo wò. Bí ọ̀kan péré bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù, inú sìlíńdà rẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ kà wọ́n. Corolla, mẹ́rin. Sienna, mẹ́fà, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ti gbó bákan náà. Bí mẹ́ta bá ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u látinú páálí, ẹ bi í pé mẹ́ta ẹ̀yìn dà.